Ara Àlejò Nínú Ilé Baba Rẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Ìlera Ẹni Tó Wálé Lo Ìsinmi ní Imini

Ohun tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ìwé yìí ni pé ọmọ bíbí Imini tó ti pẹ́ lókè òkun, bó bá wálé wá lo ìsinmi, àlejò ni ara rẹ̀, bí òun fúnra rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọmọ onílé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn létí ẹbí. Bí ọmọ náà bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, oríkì ni ìyá àgbà yóò fi pàdé rẹ̀, òun náà yóò dọ̀bálẹ̀, gbogbo ilé yóò sì máa wí pé kò yí padà rárá. Ojú ni wọ́n fi ń wò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti yí padà, àwọn ohun tó sì yẹ kí ilé ṣe nítorí ẹ̀jẹ̀ náà ni a fẹ́ tò sílẹ̀.

Kí á kọ́kọ́ pààlà. Imini wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Afijió ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí Fìdítì, Ìlọrà, Àwẹ́ àti Akínmọ̀ọ́rìn wà, tí Jọ́bẹ̀lẹ̀ sì jẹ́ olú-ìlú wọn. Ẹni tó bá wálé síbẹ̀ fún Kérésì tàbí Iléyá kì í wá hòtẹ́ẹ̀lì wọ̀. Ilé baba rẹ̀ ló ń dé sí: yàrá tó kọjú síra, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín, kànga lẹ́yìnkùlé, iná mànàmáná tó ń wá tó ń lọ. Àwọn onímọ̀ ìlera arìnrìn-àjò ti kọ ìwé púpọ̀ nípa hòtẹ́ẹ̀lì etí òkun àti àgọ́ inú igbó tí àwọn òyìnbó ti ń wo ẹranko. A kò rí ìdí tí ilé ẹbí fi gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn nínú ìmọ̀ náà, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ibà ti ń mú arìnrìn-àjò jù. Ní ọdún 2023, iye àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n gbé ibà wọ ìlú ọba lé ní 2,000, àwọn tó lọ kí ẹbí wọn nílẹ̀ Áfíríkà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó ń lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì sábà máa ń lo oògùn kó tó gbéra, nítorí ó mọ̀ pé àlejò lòun. Ọmọ onílé ni kì í sábà lò ó.

Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gbàgbé ilé kò ṣòro láti ṣàlàyé. Láti kékeré ni ẹ̀fọn ti ń jẹ ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Imini. Ibà yóò mú un, yóò lọ, yóò tún padà wá, bó bá sì yè é lọ́dún mélòó kan àkọ́kọ́ láyé, ara rẹ̀ yóò ti kọ́ bí a ṣe ń bá kòkòrò náà jà débi pé kò ní tètè ṣe é lọ́ṣẹ́. Ẹ̀kọ́ yìí kì í jinlẹ̀ tán, kì í sì í wà títí láé. Bí ẹ̀fọn ò bá jẹ ènìyàn mọ́ fún ọdún mélòó kan, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n bí sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù kò tilẹ̀ ní in rí. Ìdí nìyí tí ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò fi lè sùn lórí ẹní kan náà, kí ẹ̀fọn kan náà jẹ àwọn méjèèjì, kí ọ̀kan kàn ní orí ń fọ́ òun, kí gìrì sì máa mú èkejì.

Àwọn kan á ní, "AS ni mí, ibà ò lè rí mi gbé ṣe." Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kò délé. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Anthony Allison fi hàn ní ọdún 1954 pé ẹ̀jẹ̀ AS ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ibà. Ibà tó le, tó ń pani, ló ń dín kù fún un. Ibà ṣì ń mú un. Ẹni tó jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àrùn sickle cell, ni ibà máa ń ṣe ní ibi jù. Ìdílé tó ń kó ọmọ SS bọ̀ láti òkè òkun gbọ́dọ̀ ti bá dókítà ọmọ náà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìtàn ti agbègbè wa kò sí lẹ́yìn nínú ẹ̀rí yìí. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣóogùn nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí kan náà, wà nínú ọkọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi wọ odò Ọya ní 1841. Nínú òyìnbó bíi 145 tó wọ odò náà, àwọn tí ibà pa lé ní 40. Ní 1854, Crowther tún bá William Balfour Baikie, olórí ìrìn-àjò náà, wọ odò kan náà nínú ọkọ̀ Pleiad. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo òyìnbó inú ọkọ̀ ló ń lo kuiníìnì lójoojúmọ́, wọ́n sì pẹ́ lórí odò jù bí wọ́n ṣe rò, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn kò kú. Odò kò yí padà, ẹ̀fọn kò yí padà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn ti ẹlẹ́ẹ̀kejì gbà pé àlejò ni àwọn, wọ́n sì lo oògùn kí àìsàn tó dé. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ ti òde òní pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Atovaquone-proguanil ni a ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ìrìn-àjò, a ó sì máa lò ó títí di ọjọ́ méje lẹ́yìn tí a bá padà. Ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ni ti doxycycline náà, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni a ó tún fi lò ó lẹ́yìn àbọ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí kò wà fún aboyún àti ọmọ kékeré. Dókítà ni yóò yan èyí tó bá ara kálukú mu.

Ẹ jẹ́ kí á wọ yàrá lọ, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọ̀n ẹ̀fọn kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ìyá àgbà, nínú ọ̀rá tí ìjọba fi pín in. Àlejò pọ̀, bẹ́ẹ̀dì kò tó, nítorí náà pálọ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹní sí fún àwọn ọmọ. Kò sí ẹni tó ń ta àwọ̀n ní pálọ̀. Ó ṣeé ta síbẹ̀: ìṣó mẹ́rin lára ògiri, okùn mẹ́rin, kí a sì ki etí àwọ̀n bọ abẹ́ ẹní yíká. Àwọ̀n tuntun tó lóògùn nínú, kí a sá a sí abẹ́ ibòji fún ọjọ́ kan kí ẹnikẹ́ni tó sùn sábẹ́ rẹ̀. Kí ó fẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ tàbí ìgúnpá kò ní fara kan án, torí ẹ̀fọn lè jẹ ènìyàn láti ẹ̀yìn àwọ̀n. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri kì í sábà jẹun lójú ọjọ́. Láti bíi aago mẹ́wàá alẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ ń le jù.

A ti wòye pé kì í ṣe àìmọ̀kan ló ń lé ọmọ jáde lábẹ́ àwọ̀n, ooru ni. Iná á lọ láàárín òru, fáànù á dúró, ọmọ á ta àwọ̀n nù, á sì lọ nà sórí sìmẹ́ǹtì tútù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sùn lábẹ́ àwọ̀n ní Imini gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí ooru náà. Fáànù tó ń gba iná pamọ́, tí a ti fi síná ní ọ̀sán, yóò wúlò fún un ju ìwàásù lọ.

Lẹ́yìn yàrá, a ó wo àyíká. Inú gọ́tà tó dúdú ni gbogbo ènìyàn ń wò, wọ́n sì ń ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn oníbà fẹ́ràn omi tó mọ́, tí oòrùn ń ràn sí: ipa táyà ọkọ̀ lẹ́yìn òjò, ojú ẹsẹ̀ màlúù, ihò kékeré yíká kànga níbi tí omi ti ń ta sílẹ̀. Ọkọ́ àti yẹ̀pẹ̀ lásán lè dí wọn ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹni tó bá wálé nínú oṣù keje tàbí ìkẹjọ, nígbà òjò, ni èyí kàn jù.

Ti omi mímu kò ní gba wá lákòókò. Àwọn baba wa mọ ìyà tí ṣòbìà fi jẹ wọ́n, ó sì tó ohun ìdùnnú pé ní 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà. Kànga ilé ṣì lè kó ìgbẹ́ gbuuru bá ikùn tí kò mọ̀ ọ́n. Kí a se omi rẹ̀ kó hó kí àlejò tó mu ún, tàbí kí a ra omi inú ìgò. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá wá dé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, ti kọ́ àwọn ìyá wa láti máa po omi ṣúgà àti iyọ̀ nílé. Ìwọ̀n tó yẹ nìyí: omi mímọ́ lítà kan, ṣíbí ìmùtíì mẹ́fà ṣúgà, ìlàjì ṣíbí iyọ̀, kí ṣíbí má gogò. Bí a bá rí ORS, ìyẹn èròjà iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti pò pọ̀, inú páálí ní kẹ́mísìtì, ó dára ju èyí lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa fún ọmọ mu, bó bá bì í, kí a dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbàlagbà tó ń wálé ní ẹrù tiwọn. Púpọ̀ nínú wọn ló ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ẹ̀gbọ́n kan nílé á sì máa sọ pé, "Bọ̀dá, ẹ sinmi oògùn díẹ̀, afẹ́fẹ́ ilé á wò yín sàn." Afẹ́fẹ́ kì í rọ́pò oògùn. Ìṣòro tó le jù ni ti ẹni tó ń gún ara rẹ̀ ní insulin fún àtọ̀gbẹ, nítorí fíríìjì tí kò ní iná kò yàtọ̀ sí kọ́bọ́ọ̀dù. Àwa tí ìyá wa ń pọn omi sínú àmù ní ìdáhùn nílé. A ó gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, a ó da iyanrìn sáàárín wọn, a ó máa wọ́n omi sí iyanrìn náà láàárọ̀ àti lálẹ́, a ó sì fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Bí omi ṣe ń fà lára amọ̀ ni yóò máa gba ooru kúrò nínú ti inú. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan láti ìpínlẹ̀ Jigawa, ló sọ irú ìkòkò yìí di ohun tí ayé mọ̀, ó sì gba ẹ̀bùn Rolex nítorí rẹ̀ ní ọdún 2000. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ni ó ń ṣiṣẹ́ jù, ìyẹn gẹ́lẹ́ ni àsìkò Kérésì. Kí insulin wà nínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀.

Ní ti ejò, kúkurú ni ọ̀rọ̀ wa. Bó bá bu ènìyàn jẹ, má ṣe so ẹsẹ̀ náà, má ṣe fi abẹ bẹ́ ojú ọgbẹ́, má ṣe fi ẹnu fa oró náà. Kí ẹni tó bu jẹ má rìn, kí a di ẹsẹ̀ náà mọ́ igi kó má lè yí, kí a sì gbé e lọ síbi tí oògùn oró ejò wà.

Ó kan ọ̀nà ọsibítù báyìí. Bí ara ọmọ bá gbóná ní ọ̀sán, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ni kí a kọ́kọ́ lọ. Nọ́ọ̀sì á gún orí ìka rẹ̀, á kán ẹ̀jẹ̀ sójú ike kékeré kan, láàárín bíi ogún ìṣẹ́jú, ilà á yọ tàbí kó má yọ. Láti 2005 ni Nàìjíríà ti fi chloroquine sílẹ̀, tó sì mú oògùn alárópọ̀ tó ní artemisinin nínú. Ìyá àgbà á ti gbé agbo dóńgóyárò kaná. A kò ní tàbùkù agbo: inú ewé ni Tu Youyou ará Ṣáínà ti yọ artemisinin, òun ló sì mú kí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Àmọ́ Tu wọn ìwọ̀n tirẹ̀, ó dán an wò, ó sì mọ iye tó ń pa kòkòrò náà. A kò mọ ìwọ̀n ti inú ìkòkò, ibà ọmọ Peckham kò sì ní dúró dè wá títí tí a ó fi mọ̀ ọ́n. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ná" kì í ṣe àfojúdi sí àgbà.

Òru ni a gbọ́dọ̀ múra dè jù. Bí gìrì bá mú ọmọ, bí kò bá lè jókòó, bó bá ń bi gbogbo ohun tó mu, bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, kò sí ohun tí ilé tún lè ṣe fún un. Abẹ́rẹ́ artesunate ló kù, ọsibítù ni wọ́n sì ti ń gún un. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, artesunate kan wà tí wọ́n ń kì sí ihò ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ. Kí ẹbí béèrè ní ọ̀sán bóyá ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn ní in. Ọ̀yọ́ wà lápá kan, Ìbàdàn lápá kejì, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá UCH ti ń gba aláìsàn láti 1957. Ọkọ̀ ta ni? Ṣé epo wà nínú rẹ̀? Ta ni yóò wà á, tó sì mọ ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́? Níbo ni owó wà, owó tí a lè kà, nítorí ìdógò ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ béèrè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì báńkì sì lè lọ? Irú ẹ̀jẹ̀ wo ni ọmọ náà ní? Ní alẹ́ ọjọ́ tí àlejò dé ni kí ẹ dáhùn wọn, kí ẹ kọ ìdáhùn àti nọ́ńbà awakọ̀ sórí ìwé, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ kan kù, ìlú ọba ni yóò sì ti ṣẹlẹ̀. Kòkòrò ibà máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán nínú ara kí ara tó gbóná. Ẹni tí ẹ̀fọn jẹ ní Imini ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ìsinmi rẹ̀ lè ti padà sẹ́nu iṣẹ́ kí òtútù tó mú un, kí gbogbo ènìyàn sì pè é ní ọ̀fìnkìn. Láàárín oṣù mẹ́ta ni èyí sábà ń yọjú, nígbà mìíràn ó lè tó ọdún kan. Dókítà ibẹ̀ lè má béèrè ibi tó ti ń bọ̀. Kó fúnra rẹ̀ sọ fún un pé Nàìjíríà lòun ti dé, kó dárúkọ ọjọ́ tó padà, kó sì ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò fún ibà ní ọjọ́ náà gan-an, kó tó kúrò níbẹ̀.