Òmìnira Dára, Àfi Tó Bá Ti Kòbítì Wá

Àwọn àgbà méje kan wà lẹ́bàá oníwèé ìròyìn kan ní Sápọ́n nílẹ̀ Ẹ̀gbá tí wọn kì í ra ìwé. Láàárọ̀ láàárọ̀ ni wọ́n ń pé síbẹ̀, wọ́n á na ọrùn bíi lékeléke, wọ́n á ka ojú ewé kìn-ín-ní láìfọwọ́ kàn án, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún ayé ṣe. Èmi ni mo ṣìkẹjọ wọn. Oníwèé ti gba kámú lórí ọ̀rọ̀ wa.

Lọ́jọ́ kan, mo ní kí wọ́n bá mi dá ẹjọ́ kan. Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, orílẹ̀-èdè kan wà tó jẹ́ pé onígbàgbọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ ò tó nǹkan, apá gúúsù ni wọ́n wà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa dá ara àwọn ṣàkóso, káwọn máa so yìgì bó ṣe wu àwọn, káwọn sì máa pín ogún bí Kùránì ṣe là á kalẹ̀. Kí ni kí wọ́n ṣe fún wọn?"

Baba onífìlà abetí-ajá ò jẹ́ n mí. "Kí wọ́n fún wọn! Ṣé ẹrú ni wọ́n ni?" Ẹnìkan wà tá à ń pè ní Bàbá Ìjọ, nítorí oyè tó jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òun náà mi orí. "Ẹ̀gbá ló yẹ kó kọ́kọ́ gbè wọ́n. Òyìnbó gba ìjọba wa lọ́wọ́ wa ní 1914, títí dòní inú ṣì ń bí mi." Bàbá náà ò tíì pé ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo wá dárúkọ ibẹ̀: Mindanao, ní Filipínì. Bí ẹ bá ka èèyàn mẹ́wàá lórílẹ̀-èdè yẹn, bíi mẹ́jọ ló jẹ́ Kátólíìkì. Ìjà táwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ gbé dìde ní nǹkan bí 1972 gba ẹ̀mí rẹpẹtẹ kí ìjọba tó bá wọn tọwọ́ bọ̀wé ní 2014, kí òfin tó jáde ní 2018, káwọn ará àgbègbè náà tó dìbò sí i ní 2019. Bangsamoro ni wọ́n ń pe apá tó jẹ́ tiwọn níbẹ̀ báyìí. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti Marcos, aláṣẹ wọn nígbà náà tí kì í fẹ́ kẹ́nikẹ́ni yanu. Ìjà ò tíì tán lọ́dún 1977 tó ti fọwọ́ sí ìwé òfin ìgbéyàwó àti ogún fáwọn Mùsùlùmí, tó ní kí wọ́n dá kóòtù Ṣàríà sílẹ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ orílẹ̀-èdè tí òfin ò fàyè gba àwọn tó kù láti kọ ara wọn sílẹ̀ nìyẹn o! Àwọn ọkọ Kátólíìkì kan á ti máa fojú ìlara wo mọ́sáláṣí.

Inú gbogbo wọn dùn. Ni mo bá ní, "Tó bá wá jẹ́ Kòbítì ńkọ́?"

Kòbítì ni mọ́sáláṣí àpapọ̀ ilẹ̀ Ẹ̀gbá wà, kò sẹ́ni tí mo máa júwe ẹ̀ fún níbẹ̀. Abetí-ajá gbójú sókè bóyá òjò ń bọ̀. Bàbá Ìjọ yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù. Oníwèé ìròyìn tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ wa ló là wá: "Ọ̀gá, ṣé ẹ máa ra ìwé lónìí ni?"

Mi ò dédé béèrè. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, àwòrán ìpolówó kan ń rìn kiri lórí fóònù pé wọ́n fẹ́ ṣí kóòtù Ṣàríà ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún kéde pé kò sí irú kóòtù bẹ́ẹ̀ nínú òfin ìpínlẹ̀ yìí. Gómìnà ò purọ́. Èèyàn ò lè tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò kó ní òun ti dá kóòtù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé òfin 1999 tá a jọ ń lò yìí náà ló sọ pé ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ lè ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Ṣàríà. Tó bá fẹ́. Nígbà tí ìpínlẹ̀ wa fẹ́ pápákọ̀ òfurufú, ó kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ nǹkan.

Ẹ̀rù orúkọ yẹn ló ń bà wá, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ lẹ́nu wa. Bí olè bá fọ́ ṣọ́ọ̀bù wa, à ń pariwo pé kí wọ́n dá sẹ̀ríà fún un. Níbo lẹ rò pé a ti rí sẹ̀ríà? Ọ̀dọ̀ àwọn alálùwàlá náà la ti yá àdúrà, ibẹ̀ la ti yá ìwàásù, ibẹ̀ la ti rí àlùfáà tó ń gun àga ìwàásù ní Aké lọ́jọ́ Ìsinmi. A kó gbogbo ẹrù wọn tán, a wá ní kí wọ́n má wọlé.

Ẹnìkan á ní ta ló pọ̀ jù nílẹ̀ Ẹ̀gbá ná, ta ló kéré? Ìbéèrè tó dùn nìyẹn. Láti 1963, kò sí ètò ìkànìyàn kan ní Nàìjíríà tó tún bi wá ní ẹ̀sìn. Ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn: tí wọ́n bá ń pín ipò, gbogbo wa la pọ̀ jù, tí wọ́n bá ń pín ìyà, gbogbo wa la kéré. Àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ kóòtù yìí, èmi tí wọ́n ṣèrìbọmi fún mọ ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n rán Bàbá Ìjọ létí nǹkan kan nípa 1914 tó ń dùn ún. Ní 1893, òyìnbó bá Ẹ̀gbá ṣàdéhùn, ó gbà pé ìlú tó dá dúró ni wá. Kí ni wọ́n kọ́kọ́ wá bù jẹ nínú òmìnira náà? Kì í ṣe owó ibodè, kì í ṣe adé. Kóòtù ni. Àdéhùn 1904 ló gbé ẹjọ́ apànìyàn àti ẹjọ́ àwọn tí kì í ṣe Ẹ̀gbá fún wọn. Ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn náà, ìbọn ró ní Ìjẹmọ̀, ìjọba Ẹ̀gbá sì parí. Òyìnbó mọ̀ pé ẹni tó bá ń dá ẹjọ́ rẹ ló ni ọ́. Àwa tí ó ṣe é fún ló yẹ kó yé jù. Kó tó di ìgbà yẹn pàápàá, ní 1849, nílùú yìí kan náà, àwa Ẹ̀gbá ti na àwọn onígbàgbọ́ tuntun, wọ́n sì dè wọ́n mọ́ àbà nítorí pé wọ́n ní àwọn ò ṣe bí ará ilé ṣe ń ṣe mọ́. Ògúnbọ̀nà ará Ìkìjà tó dúró tì wọ́n kì í ṣe onígbàgbọ́.

Kí ni ohun ẹ̀rù tó wà nínú Ṣàríà yìí gan-an? Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan kú, alájì ni, ìyàwó mẹ́ta, ọmọ mẹ́wàá: ìyáálé bí ọ̀kan, ìkejì bí mẹ́ta, ìkẹta bí mẹ́fà. Àwọn mọ̀lẹ́bí jókòó láti pín ogún, ìjà bẹ̀rẹ̀. Ìyáálé ní ìdí-igi, kí ilé pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìyàwó kẹta ní orí-ò-jorí, ọ̀nà mẹ́wàá. Nínú méjèèjì, nǹkan kan ò kan àwọn opó fúnra wọn. Láyé àtijọ́, àwọn gan-an wà lára ohun tí wọ́n ń pín.

Alfa kan wá ṣí ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé-ìwé, ó fi bírò fa ìlà, ó mú fóònù tó fi ń ṣírò. "Ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti àwọn ìyàwó, wọ́n á pín in sí mẹ́ta." Ìyàwó kejì ń rẹ aṣọ àdìrẹ ní Ìtòkú. Ẹlú ti wọ ìka rẹ̀ títí dé ọrùn ọwọ́. Ó ní, "Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà." Ìdá kan nínú mẹ́rìnlélógún ló kàn án. Kò pọ̀. Òdo ló ti ń retí.

Ọmọbìnrin àgbà gbọ́ pé ìdajì ti àbúrò òun ọkùnrin ni tòun, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kóòtù ìbílẹ̀ lòun ń lọ, torí àṣà Yorùbá ò yọ obìnrin sẹ́yìn. Ó ní ẹ̀tọ́ pátápátá, mo sì sọ fún alfa náà bẹ́ẹ̀: kóòtù ẹ̀sìn tí ò ní ilẹ̀kùn àbájáde, ẹ̀wọ̀n ni. Alfa ní òun gbà. Kò sẹ́ni tí wọ́n gé lọ́wọ́. Wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá.

Ládùúgbò mi, pásítọ̀ dá ẹjọ́ tọkọtaya kan: kí ọkọ má jẹun alẹ́ níta fún oṣù kan, kí ìyàwó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kéde pé kóòtù náà ò bófin mu.

Mo sọ ìtàn alfa yìí fún àwọn àgbà Sápọ́n. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo padà débẹ̀, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń sọ, kò sẹ́ni tó dárúkọ Mindanao. Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ ni Bàbá Ìjọ fà mí sẹ́yìn agbòòrùn oníwèé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ọkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, Mùsùlùmí, ló kú láti oṣù tó kọjá, àwọn ará ilé ọkọ sì ti fẹ́ lé e jáde.

Ó ní, "Alfa tẹ́ ẹ sọ yẹn, tó mọ ìṣirò, níbo ló wà? Ẹ má jẹ́ kí àwọn wọ̀nyí gbọ́ o."