Ta Ló Sọ Pálọ̀ Mi Di Wọ́ọ̀dù?

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí o. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mi ò sì jẹ ọbẹ̀ tí mi ò mọ àwọ̀ rẹ̀ rí, àfi láti ìgbà tí oníná ti tún pálọ̀ mi ṣe.

Owó mi ni mo fi ra wàhálà. A parí píópì tán, Ìyá Kẹ́mi ní àfi kí iná tiwa náà tàn bíi tàwọn tó kù. Oníná dé, ó wòkè, ó ní gílóòbù méjìlélógún ló máa gbà. Méjìlélógún! Nínú pálọ̀ tí àga mẹ́rin ti kún dẹ́múdẹ́mú! Mo ní ṣé iṣẹ́ abẹ la fẹ́ máa ṣe níbẹ̀ ni. Ó ní, “Dádì, ẹ fọkàn balẹ̀. Funfun báláú ni màá rà, òun ló wà lóde.”

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá wọlé tó rí mi, “Ṣé kò sí o?” ni wọ́n ń sọ. Ìyá ìyàwó mi tó wá kí wa tiẹ̀ fọwọ́ kan ọrùn mi, bóyá ó gbóná.

Nígbà tó sú mi, mo yọ páálí gílóòbù nínú pàǹtí, mo gbé awò ojú. 6500K. Ọmọ àbúrò mi tó mọ̀ nípa iná ní Kelvin ni K yẹn. Ìgbóná ni wọ́n fi ń wọ̀n, síbẹ̀ bó bá ṣe ń ga sí i ni iná ń funfun sí i, tó sì ń tutù lójú. Ẹ ò rí ayé bó ṣe dorí kodò? Gílóòbù pupa rẹ́súrẹ́sú tí bàbá mi lò títí ó fi kú, bíi 2700 péré ni. Iye yẹn tàbí 3000 ló yẹ ibi tí èèyàn ti ń na ẹsẹ̀. Ó tún ní watt tí mo máa ń pariwo tí mo bá ń ra gílóòbù lọ́jà Ògùnpa, iná tí gílóòbù ń jẹ ni. Lumen ni ìmọ́lẹ̀. LED watt 9 kan, irú tèmi, ń fúnni ní nǹkan bíi lumen 800, bíi gílóòbù watt 60 àtijọ́. Mo ṣírò rẹ̀, orí mi fò lọ: watt 60 méjìlélógún ló ń wò mí lẹ́nu bí mo ṣe ń jẹun!

Ti ọbẹ̀ ló wá ká mi lára jù. CRI 70 ni wọ́n kọ sídìí páálí, ìyẹn òṣùwọ̀n bí iná ṣe ń fi àwọ̀ nǹkan hàn tó. Bí ti oòrùn bá jẹ́ 100, ẹ wo ibi tí tèmi dé. Àwọ̀ pupa ló sì ń kọ́kọ́ jìyà. Ẹ̀fọ́ rírò tí epo yọ sí létí, ó dà bí ẹni pé omi eérú ni wọ́n fi sè é. Ọwọ́ ni mo fi ń mọ ẹran yàtọ̀ sí pọ̀nmọ́.

Gbogbo iná náà wà lókè, ẹyọ kan ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí mo bá gbé ìwé ìròyìn, òjìji orí mi ni mo ń kà. Ká má tiẹ̀ dé orí èyí tó ń pàwọ̀ dà nínú píópì, tí rìmóòtù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Alàgbà ìjọ wa ń gbàdúrà lọ́wọ́, pálọ̀ di àlùkò, ó di aró, ó di pupa fòò. Bàbá la ojú kan. “Àmín” tètè dé lọ́jọ́ yẹn.

Mo ní ká pààrọ̀ rẹ̀. Ìyá Kẹ́mi ní, “Ẹ fẹ́ ká máa jókòó bí ẹni ń ta àkàrà lálẹ́?” Mi ò fèsì. Àkàrà ìdí àtùpà yẹn náà ló sì ń rán ọmọ lọ rà lójoojúmọ́ o.

Ní báyìí, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń jẹun alẹ́, lábẹ́ gílóòbù àtijọ́ kan tí oníná gbàgbé láti yọ. Lálẹ́ àná, mo gbé àwo mi débẹ̀, mo bá ìyá ìyàwó mi lórí àpótí, ọwọ́ wọn ti wà nínú àmàlà. Wọ́n sún fún mi díẹ̀.

“Ẹ jókòó, Bàbá Kẹ́mi. Ibí lèmi náà ti ń rí ẹran mi.”