Ìtẹ́ Eku Aládùúgbò

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Eku ayé àtijọ́ ni wọ́n ń bá wí. Eku òde òní kì í wọn ara rẹ̀ mọ́. Ìtẹ́ aládùúgbò ló ń lọ wọ̀n kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa koríko jọ.

Láti Oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní "I better pass my neighbour" ti di ibùsùn adìyẹ ní ọ̀pọ̀ àgbàlá láti Mọ́níyà dé Àkànràn. Ní Oṣù Kẹrin 2024, wọ́n tún gbé owó iná Bàǹdì A dé náírà 225 fún yúníìtì kan, pẹ̀lú ìlérí wákàtí 20 lójúmọ́. Abúlé tiwa kò sí nínú Bàǹdì A, kò sì sí nínú ìlérí. Ẹni tó bá yíjú sí oòrùn kò jẹ̀bi. Àmọ́ orúkọ jẹnẹrétọ̀ yẹn kò bá ẹ̀rọ náà kú. Orí òrùlé ló gùn lọ.

Ojú mi ló ṣe lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ mi kan lápá Ẹgbẹ́dá pe oníṣẹ́ sólà.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ máa tàn?"

"Èwo ni ti kí ni mo fẹ́ tàn? Pánẹ́ẹ̀lì mélòó ló wà lórí ilé Alájì?"

"Mẹ́rin ni, sà."

"Gbé mẹ́fà wá fún mi."

Owó ẹ̀gẹ́ ọdún méjì gbé mẹ́fà. Ohun tó ṣẹ́ kù kò ju ti bátìrì kan àti ìnfátà 1kVA lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bátìrì olómi kan, fóòtì 12, áńpì-wákàtí 200: wáàtì-wákàtí 2,400 ló wà nínú rẹ̀. Ìdajì ni kéèyàn lò. Ẹni tó bá ń fà á gbẹ lálaalẹ́ ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú. Ó ku 1,200. Gílóòbù mẹ́rin, fáànù méjì, tẹlifíṣọ̀n kan àti fóònù ilé kò ju wáàtì 230 lọ. Bíi wákàtí márùn-ún nìyẹn, ìrọ̀lẹ́ gidi fún ọmọlúàbí.

Ọ̀rẹ́ mi kò ka eku yẹn sí eku. Ó so fíríìjì mọ́ ọn. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́. Áyọ́ọ̀nù ń jẹ wáàtì 1,000. Ìnfátà yẹn kò gbé ju nǹkan bíi 800 lọ. Ó ké pììì, gbogbo rẹ̀ kú. Ó ní gbájúẹ̀ ni oníṣẹ́ náà. (Gbájúẹ̀ wà nínú òwò yìí lóòótọ́ o, bátìrì tí wọ́n kọ 200 sí lára tí inú rẹ̀ kò tó 100 wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n ti tọ̀hún kọ́.)

Mo mọ ìyá kan lápá Àkànràn tó ní pánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tí kò fẹ̀ ju àtẹ ata rẹ̀ lọ. Gílóòbù mẹ́ta ló ń tàn, ó sì ń bá ará abúlé cháàjì fóònù, ó ń gbowó. Bí a ṣe mọ là ń kú, olongo kì í kú tìyàn-tìyàn. Ọ̀rẹ́ mi ní ìṣẹ́ ló ń ṣe ìyá náà.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo yà sílé ọ̀rẹ́ mi. Eruku ti bo pánẹ́ẹ̀lì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Apá gúúsù ni oòrùn máa ń gbà kọjá lórí wa nírú àsìkò yẹn; àríwá ni gbogbo wọn kọjú sí. Mo ní kí ló dé tí kò jẹ́ kí wọ́n yí wọn sí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi dà rú.

"Ṣé ẹ̀yìnkùlé ni títì gbà kọjá ni?"