Agbára Ṣáájú Ojú: Ìtọ́sọ́nà fún Òmùgọ̀ Tó Fẹ́ Kí Kọ̀ǹpútà Máa Tọ́jú Ara Rẹ̀

O ti gbọ́ pé àwọn kan ti kọ́ kọ̀ǹpútà wọn láti máa tọ́jú ara wọn: bí sáfà kan bá dákú, òmíràn á dìde, bí èrò bá pọ̀ jù, ẹ̀rọ á fẹ ara rẹ̀ lójú. Òótọ́ ni. Ìwọ náà lè ní irú rẹ̀. Ọlọ́gbọ́n lè máa kà á lọ bó bá wù ú, ṣùgbọ́n ìwọ ni mo kọ ọ́ fún, ìwọ tí o fẹ́ kí ẹ̀rọ máa ronú kí ìwọ lè fẹ̀yìn tì.

Kọ́kọ́ wá ìwé iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM, kí o sì ka ìdajì rẹ̀. Ní ọdún 2001, Paul Horn tó jẹ́ olórí ìwádìí wọn ké gbàjarè pé kọ̀ǹpútà ayé ti pọ̀, wọ́n ti díjú, àwọn ẹnjiníà tí yóò máa fọwọ́ tún wọn ṣe kò ní tó mọ́. Ó tọ́ka sí ara ènìyàn: ọkàn ń lù, ẹ̀dọ̀fóró ń mí, ara ń làágùn bí oòrùn bá mú, kò sì sẹ́ni tó jókòó tó ń pàṣẹ fún wọn. Ó ní kí kọ̀ǹpútà náà máa to ara rẹ̀, kó máa wo ara rẹ̀ sàn, kó máa wá bí iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣe túbọ̀ yá, kó sì máa dáàbò bo ara rẹ̀. Nǹkan mẹ́rin. Ó tó, pa ìwé dé. Bí o bá kà á délẹ̀, wàá rí i pé mẹ́jọ ni Horn kà sílẹ̀. Èyí tó fi ṣáájú ni pé kí ẹ̀rọ mọ ara rẹ̀, ìkẹfà sì ni pé kó mọ àyíká tó wà àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kó tó gbé ìgbésẹ̀. Àwọn méjì yẹn ló máa ń fi iṣẹ́ falẹ̀.

Ní ọdún 2003, Jeffrey Kephart àti David Chess, tí àwọn náà wà ní IBM, tún ya ọ̀nà náà sórí ìwé: kí ẹ̀rọ máa ṣọ́ nǹkan, kó yẹ ohun tó rí wò, kó gbèrò, kó tó ṣe é, kí ìmọ̀ sì wà láàárín tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jọ máa bù lò. Ìwọ fo mẹ́ta àkọ́kọ́. Ṣíṣe ni oníbàárà ń rí.

Bó bá di dandan pé kí ẹ̀rọ rẹ lójú, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kó máa bi sáfà kọ̀ọ̀kan: ṣé o wà láàyè? Èyí tó bá jẹ́ “mo wà”, ara rẹ̀ le. Èyí tí kò bá dáhùn ti kú, kí wọ́n sin ín kíá, kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Àwọn àgbà ò ní sáfà. Kí ló kàn ọ́ bí èyí tó ń pariwo “mo wà” bá ti kún dẹ́nu, tó jẹ́ pé iye owó àná ló ń fi han oníbàárà tó fẹ́ sanwó lónìí? Kí ló sì kàn ọ́ bí èyí tó dákẹ́ bá wà láàyè kedere, tó jẹ́ pé ọ̀nà tí ohùn rẹ̀ ń gbà wá ló dí?

O lè fi kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ ní Ìbàdàn, èyí tí bátìrì rẹ̀ ti kú, dánra wò. Ó mọ̀ pé iná ń gba ara wáyà wọlé. Bóyá iná NEPA ni o, bóyá jẹnẹrétọ̀ tí epo rẹ̀ ti ń gbẹ ni o, bóyá ínfátà tó ti ń ké láti àárọ̀ ni o, kò mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Lójú tirẹ̀, iná ti wà, ayé ti tòrò, ó bá kéde pé òun fẹ́ tún ara òun ṣe, kí o jọ̀wọ́ má pa òun. Àtúnṣe dé ìdajì, ínfátà sùn. Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí ẹ̀rọ náà rí. Ohun tí ojú rẹ̀ ká ló fi dájọ́, ìwọ lo sì dín ojú náà kù.

Bí o bá fẹ́ ṣe é dé ibi gíga, ẹ̀kọ́ wà lára GitHub, níbi tí àwọn ẹnjiníà káàkiri ayé ń kó ètò tí wọ́n kọ sí. Àwọn èèyàn yẹn kì í ṣe òmùgọ̀, ìdí nìyẹn tí ìtàn wọn fi yẹ kó mú ọ lọ́kàn le. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan tó ti ń bàjẹ́ ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, okùn sì já fún ìṣẹ́jú àáyá 43. Ẹni tó ń bu omi mu kò tíì gbé ife sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ètò kan tó ń jẹ́ Orchestrator, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yan èyí tí yóò ṣolórí nínú àwọn àkójọ dátà wọn. Ó fetí sílẹ̀, kò gbọ́ ohùn olórí mọ́. Àwọn ẹ̀dà Orchestrator tó kù dìbò, iye wọn pé, wọ́n sì gbé oyè lọ fún ìwọ̀-oòrùn. Ìdìbò tó mọ́ tónítóní, irú èyí tí INEC ì bá máa jowú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ gan-an ló ṣe é.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé àwọn ètò tó ń lo dátà náà ṣì jókòó sí ìlà-oòrùn, a kò sì ṣe wọ́n láti máa la ilẹ̀ Amẹ́ríkà já lọ bọ̀ nítorí gbogbo ìbéèrè kéékèèké. Kò sì mọ̀ pé ìlà-oòrùn ti kọ nǹkan sílẹ̀ tí ìwọ̀-oòrùn kò tíì dà kọ nígbà tí okùn já. Okùn padà, ìwé méjì ti wà nílẹ̀, ọ̀kan ò bá èkejì mu. Nínú ọ̀kan lára àwọn àkójọ tí iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀ jù, ohun 954 ló wà níhìn-ín tí kò sí lọ́hùn-ún. Kò sẹ́ni tó lè kàn pa ọ̀kan rẹ́, nítorí iṣẹ́ oníbàárà wà nínú méjèèjì. Wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 11 ni nǹkan fi ń ṣe ségesège. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi ààlà fún Orchestrator pé kó má ṣe gbé oyè kọjá agbègbè kan sí òmíràn mọ́. Ìwọ má ṣe bẹ́ẹ̀ o! Ààlà ń dín iyì ẹ̀rọ kù.

Ọ̀rọ̀ ìwòsàn kò gùn. Kọ́ gbogbo dísìkì rẹ pé èyí tó bá pàdánù ẹ̀dà rẹ̀ gbọ́dọ̀ sáré wá àyè tí yóò ṣe òmíràn sí, kí ó má sì sinmi títí yóò fi rí i. Má jẹ́ kó mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ń sáré. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2011, Amazon ṣèèṣì darí dátà gba ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò lè gbà á ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, àwọn dísìkì ò sì rí ẹnìkejì wọn mọ́. Ọ̀nà ṣí padà, gbogbo wọn tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà láti wá àyè. Àyè tán. Àwọn tí kò rí ń béèrè ṣáá, ìbéèrè wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó lálàáfíà lọ́rùn. Ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn dísìkì tó wà ní apá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ló há. Lára oògùn tí wọ́n lò sí i lẹ́yìn náà ni sùúrù: kí èyí tí kò ráyè dúró pẹ́ kó tó tún béèrè.

Ìgbésẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù ló kàn: jẹ́ kí aláìsàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ẹ̀rí ikú rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, àṣẹ kan tí wọ́n fẹ́ fi wo bí agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì Facebook ṣe tó gé gbogbo okùn tó so àwọn gbọ̀ngàn sáfà wọn pọ̀. Ètò kan wà tó yẹ kó dá irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ dúró, àbùkù ara rẹ̀ kò jẹ́ kó dá a dúró. Ó wá kan àwọn sáfà DNS, àwọn tó ń júwe ilé Facebook fún gbogbo ayé. Òfin tiwọn dára: bí ọ̀kan bá rí i pé òun ò lè bá àwọn gbọ̀ngàn náà sọ̀rọ̀ mọ́, kó gbà pé ara òun ò yá, kó yọ àdírẹ́sì òun kúrò lójú íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn tí ara wọn le máa bá iṣẹ́ lọ. Ọgbọ́n gidi ni bó bá jẹ́ ọ̀kan ló ń ṣàìsàn. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wọn wò, ohun kan náà ni wọ́n rí, gbogbo wọn sì fi ìwà ọmọlúàbí yọ ara wọn kúrò. Kò sí ìkankan nínú wọn tí a kọ́ láti béèrè pé: àwọn yòókù ńkọ́?

Fún bíi wákàtí mẹ́fà ni Facebook, Instagram àti WhatsApp fi dàwátì. Àwọn ẹnjiníà tó fẹ́ tún un ṣe rí i pé orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó kú náà ni irinṣẹ́ wọn ń gbà kọjá. Wọ́n ní láti rán èèyàn lọ sí àwọn gbọ̀ngàn náà, ibi tí wọ́n dìídì kọ́ kó má baà rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti wọ̀. Nítorí náà, kọ́kọ́rọ́ ilé, inú ilé ni kí o tì í mọ́.

Pátákó tó ń sọ bí ara ẹ̀rọ ṣe rí ńkọ́? Orí ẹ̀rọ náà gan-an ni kí o gbé e kọ́. Nígbà tí S3, ibi tí Amazon ń bá àwọn oníbàárà kó dátà sí, dákú ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2017 nítorí àṣẹ kan tí wọ́n tẹ̀ ṣì, wọn ò rí pátákó náà yí padà fún wákàtí bíi méjì, torí pé S3 ni òun náà fẹ̀yìn tì. Àlàáfíà ló ń kí àwọn oníbàárà.

Àwọn ọlọ́gbọ́n ibi iṣẹ́ rẹ ò ní dákẹ́. Wọ́n á ní kí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ máa dábàá lásán, kí èèyàn máa tẹ bọ́tìnnì fúnra rẹ̀. Wọ́n á ní kí o pààlà iye sáfà tó lè pa láàárín wákàtí kan. Bó bá jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni ẹ̀rọ rẹ ń ṣiṣẹ́ fún, wọ́n á ní kí o sọ ọjọ́ tí èsì ìdánwò máa ń jáde fún un, kó má baà rò pé ọmọlẹ́ẹ̀kọ́ tó ń rọ́ wọlé jẹ́ ọmọ ogun, kó wá ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú. Dá wọn lóhùn pé ẹ̀rọ tí ń gba àṣẹ lọ́wọ́ èèyàn kò tíì dàgbà. Wọ́n á wá gbé ìwé kan jáde, pé kí ẹnì kan fọwọ́ sí i pé òun ni yóò dáhùn fún ohunkóhun tí ẹ̀rọ náà bá ṣe. Ní kí ẹ̀rọ fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀.