Ìyá Ìbejì Láàárín Àwọn Aláṣọ Dúdú

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún Ìyá Ẹlẹ́pà láyè lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ṣé ẹ ti gbọ́ ohun tí Ìyá Ìbejì lọ ṣe nílùú òyìnbó? Ẹ ò tíì gbọ́? Á jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ló kù ní gbogbo Ẹgàn l'Ékòó níbí, torí láti Ìgàndò títí dé Àkẹ̀sán, àwọn tó ń wọ kòrópe pàápàá ti ń fi ọ̀rọ̀ náà pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì tiwa ni mò ń wí o, aláàdìrẹ, ẹni tí kì í ra ẹja lọ́jà Ìkòtún láì kọ́kọ́ bá ẹja náà fúnra rẹ̀ jà.

Ẹ rántí pé Táíwò, ọmọ rẹ̀, ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Derby. Ìyàwó rẹ̀ bímọ lọ́dún 2023, ni wọ́n bá ní kí ìyá máa bọ̀ wá bá wọn wẹ ọmọ. Ẹ wo ẹrù tí obìnrin yẹn dì! Òrí, kànìnkànìn, èlùbọ́, gààrí Ìjẹ̀bú, kúlíkúlí, àti odó kékeré kan tí wọ́n dá padà ní pápákọ̀ òfuurufú. Lọ́jọ́ tó ń lọ, Ìyá Ẹlẹ́pà sunkún débi pé a ní kó jókòó. (Ìyá Ẹlẹ́pà, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó jẹ yín lówó ẹ̀pà, a ò kàn mọ èyí tí ẹ ń sunkún sí nínú méjèèjì ni.)

Ẹ̀yin tó ti pẹ́ ládùúgbò mọ Táíwò dáadáa. Kẹ́hìndé kò ní wàhálà ní tiẹ̀, fújì ló ń gbọ́ bíi gbogbo wa. Àmọ́ Táíwò! Láti kékeré ló ti ń fi ṣíbí lu ìkòkò ìyá rẹ̀ títí ìdí ìkòkò á fi jò. Ìgbà tó dé Derby, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi orin kan hàn án tí wọ́n ń pè ní heavy metal, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣé ẹ mọ orin náà? Gìtá ni, tí wọ́n so mọ́ iná títí ohùn rẹ̀ á fi máa ha; ìlù ńlá tí onílù ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ láìsinmi; akọrin á wá máa bú ramúramù látinú ọ̀fun. Nígbà tí Kẹ́hìndé kọ́kọ́ tan án fún wa lórí fóònù lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ yìí, Ọ̀gá Wẹ́dà sáré dìde. Ó rò pé ọmọṣẹ́ òun ti tan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin láìgbàṣẹ ni.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá Wẹ́dà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á o! Birmingham, ìlú àwọn oníṣẹ́ irin, ni orin yẹn ti jáde. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Tony Iommi, ọmọ ọdún 17, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tẹ irin pẹlẹbẹ. Lọ́dún 1965, lọ́jọ́ tó fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ pátápátá (ẹ gbọ́ mi, ọjọ́ tó kẹ́yìn!), ẹ̀rọ gé orí ìka rẹ̀ méjì. Ọlọ́wọ́ òsì ni, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún tí ẹ̀rọ gé yẹn gan-an ló fi ń tẹ okùn gìtá. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ gbé àwo orin Django Reinhardt wá fún un, onígìtá kan tí iná ti jó lọ́wọ́ tó sì ń fi ìka méjì ta gìtá tí ayé fi ń wò ó. Bí Iommi ṣe yọ́ ike ọṣẹ olómi nìyẹn, ó fi mọ fìlà fún àwọn ìka rẹ̀. Nígbà tó yá, ó tún dẹ okùn gìtá kó má baà máa dun òun, ohùn rẹ̀ bá rẹlẹ̀, ó wúwo. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ni Black Sabbath tó gbé àwo àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kejì ọdún 1970.

Bí Kẹ́hìndé ṣe ka ìyẹn fún wa tán, Ọ̀gá Wẹ́dà wo àtàǹpàkò tirẹ̀ tí kò ní èékánná mọ́, èyí tí géètì ilé Alhaji jẹ. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Èmi náà ní kí n kọ́ gìtá nígbà yẹn o. Bàbá mi ló ní wẹ́dà ni." Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tó gba maikirofóònù níbi ìkómọ ilé kejì? Ọmọ tuntun yẹn kò dákẹ́ ẹkún títí wọ́n fi gba nǹkan náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bóyá bàbá Ọ̀gá Wẹ́dà ríran.

Bàbá Rédíò kò ní gbà kí ọ̀rọ̀ kọjá láìsí òun ńbẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí la rò pé Èkó jẹ́. Ṣé Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream, kọ́ ló wa Range Rover gba aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí Nàìjíríà lọ́dún 1971? Ṣé kò bá Fẹlá lùlù? Ṣé kò ṣí ilé tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ sí Ìkẹjà lọ́dún 1973? Àwọn ọmọ wa tó ń jẹ́ BLO ńkọ́, Berkley Jones, Laolu Akintobi àti Mike Odumosu, tí wọ́n ń ta gìtá oníná tí ilẹ̀ ń mì? Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ibi tó ti ń di tàwàdà ni ibi tí Bàbá Rédíò bá ti wọ inú ìtàn fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé àdúgbò yìí, ó ní òun rí Baker lókèèrè. Nígbà tó yá, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ti jọ jẹ ọ̀fadà. Ẹ fún un ní ọdún méjì sí i, òun ló máa wa Range Rover yẹn gba Sàhárà.

Téélọ̀ wa tó jẹ́ ọmọ Lomé náà jáde tòun ti sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ó ní ẹgbẹ́ kan wà nílùú àwọn, Arka'n Asrafokor, tó ń fi èdè Ewe àti ìlù ìbílẹ̀ kọ heavy metal, wọ́n sì ti gbé àwo jáde lọ́dún 2019. Láti ọjọ́ náà, bí o bá gbé aṣọ lọ fún un, o gbọ́dọ̀ gbọ́ orin kan parí kó tó wọn èjìká rẹ. Ìyàwó mi ti gbọ́ gbogbo àwo náà nítorí bùbá kan ṣoṣo.

Níbo ni mo dé? Ẹ ṣeun. Ìyá Ìbejì.

Táíwò ti ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì fún òun àti ìyàwó rẹ̀ kí ọmọ tó dé, wọ́n fẹ́ lọ sí àjọ̀dún orin Download, ní Donington Park tí kò jìnnà sí Derby. Pápá tí wọ́n ti ń fi mọ́tò sáré ni. Láti 1980 ni wọ́n ti ń pe àwọn onígìtá jọ síbẹ̀, ìgbà yẹn Monsters of Rock lorúkọ rẹ̀. Download dé ní 2003, ọdún 2023 yẹn ló sì pé ogún ọdún. Ìyá ọmọ kò lè lọ, ọmọ wà lọ́mú. Táíwò ní òun á ta tíkẹ́ẹ̀tì kan. Ìyá Ìbejì bèèrè iye rẹ̀, ó sọ pọ́ùn di náírà lórí ìka, ó gbé ọwọ́ lérí. Ó ní, "Ta á fún ta? Èmi ni màá lọ jókòó sórí owó yẹn."

Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn ní Sátidé, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà. Ó wọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ó we gèlè, ó gbé báàgì tó ń dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀. Wọ́n dé ẹnu géètì, kí ló rí? Èrò bí omi, gbogbo wọn wọ dúdú. Dúdú lókè, dúdú nísàlẹ̀, àwòrán agbárí láyà. Ó fa Táíwò lápá: "Ta ló kú?" Kí ọmọ tó rí nǹkan sọ, ó ti ń kí wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á tẹ́ òkú sí afẹ́fẹ́ rere." Àwọn òyìnbó náà ń tẹríba, wọ́n ń dúpẹ́. Ọkùnrin kan tó ní irùngbọ̀n dé ìdodo tilẹ̀ dì mọ́ ọn.

Oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Kò tíì sí ọjọ́ tó móoru tó o lọ́dún yẹn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ooru kọjá ìwọ̀n 30 láwọn ibì kan, ìjọba ti ń kìlọ̀ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n ṣọ́ra. Ara àwọn òyìnbó pọ́n, wọ́n ń wá ibòji kiri. Ìyá Ìbejì ní irú oòrùn yìí ni a máa ń sá ata sí ní Ẹgàn, kí wọ́n má bẹ̀rù. Ó bu omi ọ̀fẹ́ níbi ẹ̀rọ, ó mú abọ́ jáde, ó da gààrí sí i, ó fọ́ kúlíkúlí lé e. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, oúnjẹ wo ló tún bá ooru mu ju ìyẹn lọ? Kí ó tó mu ún dé ìdajì, àwọn aláṣọ dúdú mẹ́ta ti jókòó tì í lórí koríko, wọ́n ń tọ́ kúlíkúlí wò, omi ń bọ́ lójú wọn nítorí ata. Pápá ọkọ̀ òfuurufú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, nítorí náà gbogbo ọkọ̀ tó bá fò kọjá lórí wọn, Ìyá Ìbejì á gbójú sókè, á ní, "Ẹ kú ìrìn o."

Nǹkan kan ló dẹ́rù bà á. Bí orin bá ti wọ̀ wọ́n lára, wọ́n á na ìka ìfábẹ̀là àti ọmọńdinrín sókè bí ìwo. Ẹ mọ̀ pé ìyá ìjọ ni. Ó ní àmì ẹgbẹ́ òkùnkùn nìyí, kí Táíwò gbé òun kúrò níbẹ̀ kíá. Táíwò ṣàlàyé fún un pé Ronnie James Dio, tó kọrin fún Black Sabbath nígbà kan, ló sọ ọ́ di ńlá, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà tó jẹ́ ará Ítálì ló sì ti kọ́ ọ, àmì tí ìyá náà fi ń lé ojú burúkú lọ ni. "Ojú burúkú kẹ̀? Kí ló dé tí o ò tètè sọ?" Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ìka ń bẹ níta, ó ń ṣe àmín sí orin tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Fótò náà wà lọ́wọ́ Kẹ́hìndé. Pásítọ̀ ti rí i. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Táíwò rí i pé ara ìyá òun ti ń balẹ̀, ó wá sọ fún un pé ọmọ wa náà wà nínú iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà: Oluwatosin Ayoyinka Olumide Abasi, Washington ni wọ́n ti bí i, ará Nàìjíríà làwọn òbí rẹ̀. Gìtá olókùn mẹ́jọ ló ń ta, ó ń fi àtàǹpàkò gbá okùn, ẹgbẹ́ rẹ̀ Animals as Leaders kò sì ní akọrin rárá. Ìyá Ìbejì ronú sí i. Ó ní, "Orúkọ mẹ́ta tó dùn báyìí, kò wá kọ ọ̀kankan nínú wọn lórin?"

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọ̀dọ́ pagbo níwájú, wọ́n ń kọ lu ara wọn. Ó pariwo pé ìjà dé. Àmọ́ ó wò ó títí, ó rí i pé bí ẹnì kan bá ṣubú, ọwọ́ mẹ́wàá ló máa fà á dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ní pátì tiwa, bó o bá ṣubú, wọ́n á kọ́kọ́ ṣa owó tó wà nílẹ̀ ná.

Metallica ló gba pápá lálẹ́. Wọ́n ti ṣeré ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n tún padà wá ní Sátidé, wọn ò sì tún orin kankan kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Ìbejì ní àwọn yẹn mọ iṣẹ́ owó wọn. Táíwò fún un ní nǹkan tí wọ́n ń ki bọ etí nítorí ariwo, ó gbà á, ó dúpẹ́, ó jù ú sínú báàgì. Ó jókòó sórí àga kékeré, gìtá bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ mì, iná ń bù yẹ̀rì.

Ó sùn lọ fọnfọn.

Kí ló yà yín lẹ́nu níbẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ mọ yàrá rẹ̀! Ilé ìjọsìn kan lọ́tùn-ún, òmíràn lósì, gbogbo wọn pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn níta. Ẹ̀rọ ata lábẹ́ fèrèsé. Jẹnẹrétọ̀ kéékèèké mẹ́fà ní ojúde. Ọkọ rẹ̀ tó ń hanrun. Obìnrin yẹn ti ń sùn nínú ariwo kí Metallica tó mọ ọ̀nà Donington. Táíwò pè wá lórí fídíò kí a wá wò ó, aago wọn àti tiwa sì jẹ́ ọ̀kan náà lásìkò ooru wọn, nítorí náà gbogbo wa ṣì wà níta níbí. A rí onírùngbọ̀n yẹn tó dúró tì í, ó na apá méjèèjì kí ẹnikẹ́ni má ṣubú lù ú. A rí ọmọbìnrin kan tó fi jákẹ́ẹ̀tì aláwọ bò ó lẹ́sẹ̀.

Ni orin bá parí. Gbogbo pápá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ìyá Ìbejì sì ta jí, ó ń fọwọ́ wá tọ́ọ̀ṣì kiri lábẹ́ àga.

"Táíwò! Ṣé wọ́n ti mú iná lọ ni?"

Láti Ẹgàn níbí, nínú òkùnkùn, gbogbo wa pohùn pọ̀ dá a lóhùn: "Láti àárọ̀ ni, Ìyá Ìbejì!"