Lẹ́tà Ṣíṣí sí Bàbá Onílé Wa, Réwáyà Àìkọ́ṣẹ́

Bàbá wa,

Ẹ kú àmójútó ilé. Ẹ kú ti ọjọ́ Sátidé náà pẹ̀lú, tí ẹ gun orí àga, tẹ̀yin ti tẹ́sítà kan àti ìgboyà tó ju tẹ́sítà lọ. A gbọ́ bí ẹ ṣe ń súfèé. A tún gbọ́ ìgbà tí ìfé náà dá lójijì.

Ẹ má bínú sí ọmọ yín tó ń sanwó ilé déédéé. (Ti oṣù tó kọjá, a ti jọ sọ ọ́.) Gílóòbù ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ló gbé mi dé ibí. Bí mo bá pa swíìṣì rẹ̀, ó ń kú, ìyẹn lẹ sì fi ń yangàn: "Ṣé kò kú ni?" Ó kú, Bàbá. Àmọ́ réwáyà tí mo bẹ̀ wá fi tẹ́sítà kan ihò gílóòbù náà, swíìṣì wà ní pípa, tẹ́sítà sì tàn yòò. Níútírà lẹ gbé gba inú swíìṣì, ẹ wá jẹ́ kí láìfù lọ tààrà sókè. Iná tó bá lọ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà bọ̀, nítorí náà bí ẹ bá gé níútírà, gílóòbù á kú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láìfù ò kúrò níbẹ̀. Ó ba búrúbúrú bí ẹkùn, ó ń retí ẹni tí yóò fi ara rẹ̀ ṣe ọ̀nà àbọ̀ fún un. Ta ni yóò sì jẹ́ bí kò ṣe ẹni tó pa swíìṣì, tó fọkàn balẹ̀, tó ki ọwọ́ sókè láti pààrọ̀ gílóòbù?

Ẹ ní wáyà dúdú nìkan ló kù lọ́wọ́ yín, pé iná kò mọ àwọ̀. Iná kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Réwáyà tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín ló yẹ kó mọ̀ ọ́n: nínú ilé àtijọ́ bíi tiwa, pupa ni láìfù, dúdú ni níútírà.

Ó ku hítà omi balùwẹ̀. 3000 wáàtì ni wọ́n kọ sí i lára. Ẹ fi 230 fólítì tó yẹ kí NEPA gbé wá pín in, ámpíà 13 lẹ óò bá níbẹ̀. (Mo mọ̀ pé NEPA ti kú láti 2005; bí gílóòbù yín ṣe kú lòun náà ṣe kú.) Swíìṣì gílóòbù tí wọ́n kọ 5 sí lẹ́yìn lẹ wá ní kó gbé e. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí a gbé àpò sìmẹ́ǹtì méjì lé ọmọ kan lórí! Lálẹ́ ọjọ́ kejì, òórùn ẹja gba ilé. Ìyàwó mi ṣí ìkòkò wò, kò sí ẹja. Swíìṣì ló ń yan ara rẹ̀ lára ògiri, ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ẹ̀bà elépo.

Hítà ní swíìṣì tirẹ̀. Ó fẹ̀ díẹ̀, 20 ni wọ́n kọ sí i, ó ní iná pupa bíńtín, bí ẹ bá sì pa á, láìfù àti níútírà ló ń gé pọ̀. Ìta balùwẹ̀ ni kí ẹ kàn án sí, nítorí inú ni tiwa wà báyìí, ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ ni a sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Awọ ara tó tutù máa ń lanà fún iná ju èyí tó gbẹ lọ.

Réwáyà ń bọ̀ ní Sátidé. Ìdajì owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Àga yín ti wà nísàlẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ẹ jókòó lé e lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má gùn ún. Ẹ lè súfèé.

Omi tútù ni mo fi wẹ̀ láàárọ̀ yìí.

Èmi ni,
Ayálégbé yín tó wà lókè.