Ọ̀nà Tóóró
Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn arákùnrin wa ṣe gba Bíbélì gbọ́ tó, kó lọ dúró sẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ṣáájú Ṣàgámù, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí àìsùn bá wà ní káǹpù. Mátíù orí 7 ti sọ fún wọn pé ọ̀nà gbòòrò ló ń lọ síbi ìparun, wọn ò sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré: bí ọkọ̀ bá ti dí pa, kíá ni wọ́n á fi ọ̀nà gbòòrò sílẹ̀ fún ẹlẹ́ṣẹ̀, wọ́n á bọ́ sí etí títì. Bí etí títì bá tún kún (àwọn tó ń wá ọ̀nà tóóró kúkú ti ń pọ̀ sí i), wọ́n á ré kọjá sí òdìkejì, wọ́n á tanná gbòò, wọ́n á máa kojú tírélà bí Dáfídì ṣe kojú Gòláyátì. Díákónì kan ń fi ọwọ́ kan wakọ̀, ó ń na èkejì sí awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́, ó ń bú u pé kò bẹ̀rù Ọlọ́run. Ìyàwó ẹ̀ ti dijú, ó ń gbàdúrà kíkankíkan. Nínú mọ́tò yẹn, òun nìkan ni àìsùn ti bẹ̀rẹ̀ fún. Bí wọ́n bá sì gúnlẹ̀, àdúrà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbà ni ti ààbò lójú pópó. Ẹ̀yin bàbá ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tètè kúrò nílé.